Kí ẹ tó mú erin wọ Ojúde Ọba, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú wa fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹgbẹ́, níbi tí àwọn ará Íńdíà ti ń fi erin ṣe ọdún. Wọ́n fi wúrà bò ó níwájú orí, ìlù ń dún, erin ń jó. Ni ẹnìkan bá ní kí àwa náà mú erin kan wọ Ojúde Ọba, kí ojú tó ti mọ́ ẹṣin rí nǹkan tuntun. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ní òun á máa sìn ín síbẹ̀, pé erin ṣáà wà nínú igbó Ọmọ, a lè lọ mú ọmọ kékeré kan wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú ẹṣin ní òun á kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti rí iṣẹ́ olùtọ́jú erin kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ṣeé ṣe? Àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń fìyà jẹ àwọn erin yẹn, àbí òyìnbó ló kàn ń pariwo?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́. Wúrà iwájú orí yẹn dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ẹranko tí mo fi ń jẹun kì í jẹ́ kí n tètè gbójú sókè wo orí ẹranko. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ padà lọ wò ó, kí ẹ fi ọwọ́ bo òkè fóònù yín kó ku ìsàlẹ̀ nìkan. Ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ iwájú kan, òmíràn wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Erin náà ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, kò sí ẹsẹ̀ kan tó kúrò lójú kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fídíò parí, àwọn onílù dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń faṣọ nu ojú. Erin ṣì ń fì. Bó bá jẹ́ pé ijó ló ń jó, ìlù wo ló wá ń jó sí?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹṣin tí wọ́n bá so mọ́ ojú kan fún oṣù mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ilé rẹ̀ jẹ, tàbí kó máa yí orí lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́. Nǹkan kan náà ni. Ọpọlọ ẹranko náà ń wá iṣẹ́, kò rí iṣẹ́. Ẹ ò ní rí erin inú igbó kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà, ibi eré àti àgbàlá ilé òrìṣà la ti ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ igbó Ọmọ kúrò ńlẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Kò ṣeé ṣe. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tó fẹ́ run láyé ka erin mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tà. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin. Erin Ọmọ, erin igbó kìjikìji ni, ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dàn tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù Kẹ́ńyà. Lọ́dún 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó fẹ́ run, kà á sí ẹranko tó ti dé bèbè ìparun pátápátá. Abo rẹ̀ lè tó ọmọ ọdún 23 kó tó bí àkọ́bí. Oyún rẹ̀ ń lo oṣù 22. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà kó tó bí òmíràn. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ohun tí ẹ máa gbé lọ bí ẹ bá gbé ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ erin ò sì ń dá rìn. Ìyá rẹ̀ wà nítòsí, kò sì ní dúró máa wò yín. Láyé àtijọ́, ìyá ni wọ́n máa ń yìnbọn pa kí ọwọ́ tó ba ọmọ.

Àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré ti sọ bí wọ́n ṣe ń mú erin. Ìjàpá fi àkàrà olóyin tàn án jáde, ó ní ìlú fẹ́ fi jọba, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti tẹ́ ẹní lé e. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń mú erin ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, nígbà kan. Ibi tí àlọ́ parí sí ni iṣẹ́ ti wá ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á so ọmọ erin mọ́ àárín òpó, wọ́n á fi okùn di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò ní jẹ́ kó sùn, wọn ò ní jẹ́ kó jẹun bó ṣe fẹ́, wọ́n á máa fi igi gún un, títí ọjọ́ tí yóò gbà pé ọwọ́ ẹ̀dá kékeré yìí ni ìyè òun wà. Ní Thailand wọ́n ń pe ìyẹn ní phajaan. Ó le níbì kan ju ibòmíràn lọ, àwọn kan sì ti ń fi oúnjẹ rọ́pò igi. Torí náà, ẹ̀yin tó ní òyìnbó ló ń pariwo, ariwo náà nídìí.

Àmọ́ kí òyìnbó náà má sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Lọ́dún 2008, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ka ọjọ́ ayé àwọn abo erin inú ọgbà ẹranko ilẹ̀ Yúróòpù. Abo erin Áfíríkà tí wọ́n bí sínú ọgbà, ìdajì wọn ò kọjá ọdún 16.9, àwọn tó wà nínú igbó Amboseli ní Kẹ́ńyà, bí a bá yọ àwọn tí ènìyàn pa, ọdún 56. Ti Éṣíà nínú ọgbà, ọdún 18.9, àwọn tí wọ́n fi ń wọ́ igi gẹdú ní Myanmar, ọdún 41.7. Ẹ tún ìyẹn kà. Erin tó ń ṣiṣẹ́ alágbára nínú oòrùn fi ìlọ́po méjì àti díẹ̀ pẹ́ láyé ju èyí tí wọ́n ń gé kárọ́ọ̀tì fún lọ.

Kí ló fà á? Ní Myanmar, bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á tú erin sínú igbó. Aago onígi á wà lọ́rùn rẹ̀, ṣéènì á máa wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ kó má baà rìn jìnnà jù. Yóò jẹ ohun tó wù ú lóru, yóò bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, yóò gùn, yóò bímọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, olùtọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní oozie, á wọ igbó lọ wá a. Á tẹ́tí sí aago, á wo ipa ẹsẹ̀, á wo ewé tí wọ́n já. Á mú un lọ sódò, á fọ̀ ọ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ fi erin wọ́ igi o. Ohun tí mò ń sọ ni pé òru tirẹ̀ wà, ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ilẹ̀ rírọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnìkan sì wà tó mọ ìró aago tirẹ̀ láàárín ogún aago.

Ẹni yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ẹ fi ojú ìwé kan béèrè nípa erin, ẹ fi ìlà kan béèrè nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí erin tó wà lálàáfíà lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí erin ṣe ń gbé, ẹ wo ibi tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ń sùn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Kerala. Mahout, ìyẹn olùtọ́jú erin, tí mo ń tẹ̀ lé ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí ọ̀tún. Erin kan ló rún un mọ́ ògiri nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ní àràárọ̀, á ní kí erin rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nínú odò, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, á wá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ tòun ti èèpo àgbọn. Bí a ṣe ń fi kànrìnkàn fọ ọmọ ló ṣe ń fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn etí, sábẹ́ apá, dé abẹ́ ìrù. Nígbà tó bá dé ẹsẹ̀, kò ní yára mọ́. Á fi àtàǹpàkò tẹ èékánná kọ̀ọ̀kan, á fi imú gbóòórùn rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń gbóòórùn. Ó ní èékánná tó bá fẹ́ kẹ̀ máa ń rùn lọ́jọ́ mẹ́ta kí ojú tó rí i. Mo ti fi gbólóhùn yẹn wo ẹṣin sàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Erin rẹ̀ ń pa owó ńlá lọ́jọ́ ọdún. Owó náà ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ti bàbá yìí ò tó nǹkan, ẹ̀gbẹ́ erin ló ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti ní kàkà kóun ṣe iṣẹ́ yìí, òun á wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà wọ́n gba ọmọkùnrin kan láti ìta kó máa ràn án lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò. Ọ̀pá onírin tó ní ìwọ̀ lórí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá yìí ní irú rẹ̀ o, àmọ́ ó máa ń fi há ẹ̀yìn etí erin ni, bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ yìí ń fi lu ojú kan náà lẹ́yìn ọrùn-ẹsẹ̀, títí ibẹ̀ fi di egbò. Inú bí mi sí i gan-an, mo sì sọ fún bàbá. Bàbá ní, "Ẹ̀rù ló ń bà á." Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yé mi. Ẹni tó ń bẹ̀rù erin ló ń lù ú jù, ẹni tí wọn ò sì kọ́ dáadáa ló ń bẹ̀rù jù. Ta ni yóò sì fi ọdún mẹ́wàá kọ́ iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ò lè san owó ilé?

Ẹ wo Thailand. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1989, ìjọba ibẹ̀ fòfin de gígé igi gẹdú nínú igbó. Ó dára fún igbó. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ erin àti ènìyàn pa pọ̀. Àwọn mahout kó erin wọ ìgboro Bangkok, wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún aláfẹ́ pé kí wọ́n fi bọ́ erin, lórí ọ̀dà gbígbóná, láàárín mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sídìí gígùn erin fún arìnrìn-àjò afẹ́. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, arìnrìn-àjò ò wá mọ́, ọ̀pọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé ní ìgbèríko, erin níwájú, ìyàwó àti ọmọ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn. Ebi tó pa olówó erin ò pa á tó ti mahout. Ebi tó pa mahout ló sì pa erin. Myanmar náà fòfin de títa gẹdú gbọnrangandan sókè òkun lọ́dún 2014, ọ̀rọ̀ náà sì jọra.

Ẹ padà bá mi wá sí Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Ìlù, fèrè, ìbọn ìdílé Balógun tó ń dún gbì, fóònù níwájú, fóònù lẹ́yìn. Mo ti dúró ti ẹṣin níbẹ̀ tó ń gbọ̀n látorí dé pátákò. Ẹṣin ò ju 450 kílò lọ. Akọ erin Éṣíà tó dàgbà lè tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, akọ ni wọ́n sì máa ń fẹ́ fún ọdún nítorí eyín. Abo Éṣíà kì í ní eyín tó yọ jáde tó bẹ́ẹ̀. Erin ń fi etí gbọ́ ìró tó lọ sílẹ̀ ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ìró tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá. Ìbọn yín á gba ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ akọ ò tíì tán. Bó bá ti bàlágà, ìgbà kan wà tí yóò máa wọ inú ipò tí wọ́n ń pè ní musth. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ò ju pé ọtí ń pa á lọ. Omi kan tó ṣú á máa sun láàárín ojú àti etí, ìtọ̀ á máa kán tótótó, testosterone, èròjà tó ń mú akọ ṣe bí akọ, á ga fíofío nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè jẹ́ oṣù. Nígbà yẹn kò mọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á jìnnà sí i, á máa ju oúnjẹ sí i, kò ní mú un jáde lọ síbi kankan. Ẹni tó bá ti gba owó ọdún lọ́wọ́ èèyàn á mú un jáde. Àwọn mahout tó ń kú lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Kerala kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í sì í ṣe akọ nìkan. Ní Honolulu lọ́dún 1994, abo erin Áfíríkà kan tó ń jẹ́ Tyke pa olùkọ́ rẹ̀ lójú èrò ìwòran, ó já sí ìgboro, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa á láàárín títì.

Ọ̀nà míràn wà. Mo rí i ní ọgbà ẹranko kan ní Jámánì, mo sì gbàgbé láti pa ẹnu dé. Irin gbàǹgbà ló wà láàárín erin àti obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà gbé ọ̀pá tí wọ́n fi rọ́bà rìbìtì sí lórí, ó na ọ̀pá náà sí ẹ̀bá ihò kan lára irin, ó ní "Fuß", ẹsẹ̀ nìyẹn lédè wọn. Erin gbé ẹsẹ̀ wá, ó gbé e lé ibi tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún un. Ọbẹ tó fà yọ ò yàtọ̀ sí èyí tí èmi fi ń gé pátákò ẹṣin. Ó gé awọ tó ti kú, ó yọ òkúta kan bí ẹ̀wà, ó wá dé èékánná kan tó ti là. Ó tẹ̀ ẹ́, ọyún yọ. Erin fa ẹsẹ̀ padà, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò jágbe mọ́ ọn. Obìnrin náà fi omi gbígbóná oníyọ̀ sínú abọ́, ó dúró, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ náà padà wá fúnra rẹ̀. Láti bíi ọdún 1990 ni ọ̀nà yìí ti ń tàn kálẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú kì í wọ inú ọgbà bá erin, kò sí ọ̀pá oníwọ̀, erin sì lè kọ̀. Kò rọrùn, owó irin nìkan ga. Síbẹ̀, àrùn ẹsẹ̀ àti oríkèé wà lára ohun tó ń pa erin inú ọgbà jù, torí ilẹ̀ kọnkéré, ìsanra àti dídúró lójú kan nínú ìtọ̀. Bí erin ò bá fínnúfíndọ̀ gbé ẹsẹ̀ wá, ẹ ò lè tọ́jú rẹ̀ láìlu ú tàbí láìgún un lóògùn oorun.

Ohun kan tún wà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Kòkòrò ikọ́ ife tó ń ṣe ènìyàn ló ń ṣe erin. Àwa la ń kó o ràn wọ́n, wọ́n sì ń dá a padà. Ní ibi ààbò erin kan ní Tennessee lọ́dún 2009, òṣìṣẹ́ 9 ló kó kòkòrò náà láti ara erin kan. Àwọn kan nínú wọn ò fọwọ́ kan erin rí, ọ́fíìsì ni wọ́n ń jókòó sí nínú ilé kan náà. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ń bù sínú ọwọ́ìjà erin, á gbé e sókè, á wá fọn ọ́n sínú ọ̀rá, ìyẹn ni wọ́n ń gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Fún iṣẹ́ ilẹ̀ Lárúbáwá yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè owó oṣù. Kó béèrè bóyá òun á máa wọlé tọ erin ni àbí irin á wà láàárín wọn. Kó béèrè ibi tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ wà báyìí, kó sì gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èèyàn mélòó ló wà fún erin kan? Bó bá jẹ́ òun nìkan, kó má lọ. Bí akọ bá wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe nígbà musth? Bí wọn ò bá mọ ohun tó ń sọ, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife kẹ́yìn, fún erin àti fún òṣìṣẹ́? Bí erin bá ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ta ló ń san owó ilé ìwòsàn, ta sì ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kó béèrè bóyá wọ́n á máa pààrọ̀ erin fún un. Lọ́dọ̀ àwọn Sheldrick ní Nairobi, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ erin tí kò níyàá, olùtọ́jú máa ń sùn nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ náà, wàrà sì ni ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta tọ̀sán-tòru. Àmọ́ alaalẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Ìdí ni pé Daphne Sheldrick tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ti tọ́ ọmọ erin kan rí tó ń jẹ́ Aisha, Daphne nìkan ni ọmọ náà sì mọ̀. Daphne lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, Aisha ò jẹun mọ́, ó kú. Láti ìgbà yẹn, kò sí ọmọ erin tó ń jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo mọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó ní ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ńkọ́? Kó mú bírò. Erin tó dàgbà lè jẹ oúnjẹ tó tó 150 kílò lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 55 lọ́dún, eésún nìkan ò sì tó. Omi mímu ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin lọ, ká má tíì sọ ti wíwẹ̀, iná ò sì ní sí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fa omi. Ó lè lo ọgọ́ta ọdún láyé, nítorí náà kó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún ọmọ tó máa jogún rẹ̀. Ẹyọ kan ò sì dára. Akọ erin kan tó ń jẹ́ Kaavan dé ọgbà ẹranko Islamabad ní Pakistan láti Sri Lanka lọ́dún 1985. Ẹnì kejì rẹ̀, Saheli, kú lọ́dún 2012. Ó dá wà síbẹ̀ ó ń fi orí lọ ń fi orí bọ̀ lójú ògiri, títí wọ́n fi gbé e lọ sí Cambodia ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ní Cambodia ló ti fi ọwọ́ìjà kan ọwọ́ìjà erin mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé a ó gbẹ́ kòtò yí i ká, ṣebí àwa la ni Erédò Sùngbọ́. Òótọ́ ni pé erin ò lè fò, kòtò tí ewúrẹ́ á fò kọjá lè dá a dúró. Àwọn ọgbà ẹranko náà lo kòtò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa dì í padà ni pé erin ń ti ara wọn sínú rẹ̀, èyí tó bá sì já sí kòtò tóóró kì í sábà dìde.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá nífẹ̀ẹ́ erin dénú, iṣẹ́ wà tí ò jìnnà sílé. Igbó Ọmọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú East, láti ọdún 1977 ni UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé ń ṣọ́. Kó wọ ọkọ̀ tó ń lọ Ọ̀rẹ̀, kó sọ̀ ní J4. Àwọn aṣọ́gbó wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti jẹ́ ọdẹ rí. Mo ti bá wọn rìn. A ò rí erin. Ìgbẹ́ rẹ̀ la rí, ó tóbi bí igbá, kóró òro ti ń hù nínú rẹ̀. A rí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí omi ti kún, ọ̀kan nínú wọn gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ sínú rẹ̀, àyè ṣì kù. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ igi kan, a kúrò. Lọ́nà, a gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlagi lápá ìwọ̀ oòrùn, gbogbo wọn dúró, ojú wọn yí padà. Àgbẹ̀ tún ń bẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí erin bá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, inú á sì ti máa bí i. Olùtọ́jú erin làwọn yẹn náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe é fún ọdún kan kó má fojú kan erin lẹ́ẹ̀kan, torí náà kó mọ̀ kó tó lọ. Bí ẹgbẹ́ yín bá sì ní owó erin nílẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó yẹn iye bàtà àti aṣọ òjò tí wọ́n nílò kí òjò tó dé.

Ní ti Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ Alárè ò ní fẹ́ padà sórí WhatsApp lọ́wọ́ òfo. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ará Kerala gan-an ti ń wá nǹkan mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ilé òrìṣà kan ní agbègbè Thrissur gba erin ẹ̀rọ kan wọlé: ó ga ju mítà mẹ́ta lọ, ó wúwo tó 800 kílò, orí ń mì, etí ń fẹ́, ọwọ́ìjà ń wọ́n omi. Kò jẹ eésún. Kò ní musth. Àwa tó ní gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ tó báyìí ní Ìjẹ̀bú ò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ. Ọparun, aṣọ eérú, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin nínú ikùn rẹ̀, kí wọ́n máa jó sí ìlù tó ń dún lóòótọ́, kí wọ́n sì dúró nígbà tí ìlù bá dúró. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà: kó má wo fídíò Íńdíà ya tirẹ̀. Ti wa ò ní góńgó méjì lórí bíi tiwọn. Etí rẹ̀ rí rìbìtì, eyín rẹ̀ tọ́ gbọọrọ sí ìsàlẹ̀, èékánná iwájú rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún.